Levittown: Ẹ́sítéètì Ẹ̀yìn Ogun àti Ilẹ̀kùn tí Wọ́n Tì Mọ́ Aláwọ̀ Dúdú

Levittown ni orúkọ àwọn ẹ́sítéètì ńlá tí ilé iṣẹ́ Levitt and Sons kọ́ sí ẹ̀yìn odi àwọn ìlú Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Èkíní wà ní Long Island, nítòsí New York. Wọ́n kọ́ ọ láti 1947 títí di 1951. Èkejì wà ní Bucks County ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọdún 1952 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà ní New Jersey, níbi tí àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé ní 1958. Tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń sọ bí òṣìṣẹ́ lásán ṣe di onílé, Levittown ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Àmọ́ ìtàn kan náà yìí fi hàn pé kì í ṣe ìkórìíra aládùúgbò nìkan ló lé aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí ilé níní. Owó ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ìwé òfin sì wà níbẹ̀.

Oko ọ̀dùnkún tó di ìlú

Nígbà tí ogun parí ní 1945, ilé wọ́n gan-an ní Amẹ́ríkà. Ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé àwọn ọdún 1930 ti kọ́kọ́ dá ilé kíkọ́ dúró, ogun sì tún gba sìmẹ́ńtì, pákó àti òṣìṣẹ́ tó kù. Àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń há mọ́ra wọn nínú yàrá kan lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Òfin tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun ti ṣèlérí fún wọn pé tí wọ́n bá yá owó láti ra ilé, ìjọba ni yóò ṣe onídùúró wọn. Ṣáájú ìyẹn, láti 1934, ìjọba ti dá àjọ FHA sílẹ̀ láti máa dúró fún gbèsè ilé lọ́dọ̀ báńkì.

Ó yẹ kí ipa onídùúró yìí yé wa dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù rọ̀ mọ́. Kí FHA tó dé, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ra ilé sábà máa ń ní láti kó nǹkan bí ìdajì iye ilé náà sílẹ̀, kó sì san ìyókù láàárín ọdún díẹ̀. Ìwọ̀nba àwọn tó lówó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá sọ fún báńkì pé bí ẹni tó yá owó bá sá, àwọn ni yóò san án, ẹ̀rù báńkì lọ. Àkókò ìsanwó di ọdún 25 tàbí 30, èlé rẹlẹ̀, owó àsansílẹ̀ sì kéré. Ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé kì í tilẹ̀ san àsansílẹ̀ kankan nígbà mìíràn.

William Levitt ló rí àyè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi tó ń kọ́lé ṣiṣẹ́ nígbà ogun, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń yára kọ́ ilé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun, Alfred àbúrò rẹ̀ tó ń ya àwòrán ilé, àti Abraham bàbá wọn ra oko ọ̀dùnkún ní Long Island. Wọ́n pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí ìpele 27. Ilé dúró sójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rìn: àwọn kan á da kọnkéré ìpìlẹ̀, wọn á kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn á wá kan pákó, ẹni tó ń kun ọ̀dà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀dà lọ. Wọn ò gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná, wọ́n ń parí ilé 30 lóòjọ́. Owó ìyálé jẹ́ 60 dọ́là lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di 1949, wọ́n ń ta ilé tuntun ní 7,990 dọ́là. Kí wọ́n tó parí, ilé 17,447 ló ti dúró síbẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé

Ìwé àdéhùn tí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ fọwọ́ sí ní gbólóhùn kan, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́: ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lo ilé náà tàbí kó gbé inú rẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e gbà pé ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lè wà níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú lè fọ ilẹ̀ ilé náà, kò kàn gbọdọ̀ jẹ́ onílé ni.

Levitt kọ́ ló dá irú àdéhùn yìí sílẹ̀. Ìwé ìlànà FHA fúnra rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń díye lé ilé ní àwọn ọdún 1930, sọ pé tí ẹ̀yà mìíràn bá wọ àdúgbò, iye ilé yóò já wálẹ̀, ó sì gba àwọn kọ́lékọ́lé níyànjú kí wọ́n kọ òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà sínú ìwé ilé. Àjọ ìjọba mìíràn, Home Owners' Loan Corporation, ti ya máàpù àwọn ìlú tó lé ní 200. Àdúgbò tí wọ́n bá kà sí ewu fún owó ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa kùn. Ibi tí aláwọ̀ dúdú bá ń gbé kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà pupa yìí, bó ti wù kí ilé ibẹ̀ dára tó. Ní Detroit ní 1941, FHA kọ̀ láti dúró fún gbèsè ilé àwọn aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò aláwọ̀ dúdú, àfi ìgbà tí kọ́lékọ́lé mọ ògiri kọnkéré tó gùn tó ìdajì máìlì sáàárín wọn. Ògiri náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rí ní London láyé ìgbà yẹn, èyí tí Wọlé Ṣóyínká kọ ewì «Telephone Conversation» lé lórí. Níbẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú ló ń fi owó náà ṣe onídùúró fún apá kan ṣoṣo.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer tó wá láti St. Louis, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò lè fipá mú kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Levitt yọ gbólóhùn náà kúrò nínú ìwé ní 1949, àmọ́ kò yí ìṣe rẹ̀ padà. FHA pàápàá dúró di oṣù kejì ọdún 1950 kó tó kọ̀ láti máa dúró fún ilé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kò sì béèrè bóyá kọ́lékọ́lé ń tà fún gbogbo èèyàn. Eugene Burnett, aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe ọmọ ogun Amẹ́ríkà, lọ wo ilé ní Levittown ní 1949, ó sì fẹ́ ra ọ̀kan. Wọ́n sọ fún un pé àwọn tó ni iṣẹ́ náà kò tíì pinnu láti tà fún àwọn èèyàn rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ rí ilé rà ní Ronek Park ní Amityville, ní Long Island kan náà, níbi tí kọ́lékọ́lé mìíràn ti ń tà láì wo àwọ̀.

Ní 1954, Levitt ṣàlàyé ara rẹ̀ fáwọn oníròyìn. Ohun tó sọ kò ju pé òun lè yanjú ìṣòro ilé, òun sì lè gbìyànjú láti yanjú ìṣòro ẹ̀yà, ṣùgbọ́n òun kò lè pa méjèèjì pọ̀. Júù ni Levitt, ọmọ ọmọ rábì, ó sì sọ pé òun fúnra òun kò ní ẹ̀tanú lọ́kàn. Mi ò rò pé àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún kan náà ni Morris Milgram bẹ̀rẹ̀ Concord Park ní Pennsylvania, tó sì tà á fún funfun àti dúdú pọ̀. Àwọn èèyàn rà á, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Ohun tí Milgram rí gan-an tó le ni báńkì tí yóò yá a lówó.

Deepgreen Lane, oṣù kẹjọ 1957

Kò sí ilé kankan ní Levittown ti Pennsylvania tí Levitt tà fún aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra ilé lè tún un tà, ọ̀nà yìí sì ni William àti Daisy Myers, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú, gbà wọlé sí Deepgreen Lane. William ti ṣe ọmọ ogun. Daisy jẹ́ olùkọ́. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní, èyí àbíkẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́. Daisy sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí agbélẹ́tà dé, ó kà á sí ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní òun ń wá ìyáálé ilé. Nígbà tí agbélẹ́tà náà gbọ́ pé Daisy gan-an ni ìyáálé ilé, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pariwo pé aláwọ̀ dúdú ti wọ̀lú.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti pé jọ síwájú ilé náà. Wọ́n sọ òkúta, gíláàsì fèrèsé ńlá fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọlọ́pàá àdúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ lé wọn, títí Gómìnà George Leader fi rán ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wá. Òkúta ba ọlọ́pàá kan, ó dákú. Àwọn alátakò wá gba ilé òfìfo kan tó wà lẹ́yìn ilé àwọn Myers, wọ́n ta àsíá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó jà nítorí ẹrú, wọ́n sì ń fi orin dí wọn lójú oorun. Wọ́n sun àgbélébùú. Wọ́n kọ KKK, àmì ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú, sára ilé Lewis àti Bea Wechsler, aládùúgbò aláwọ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n dúró ti àwọn Myers gbágbáágbá.

Àwọn Wechsler kò dá wà. Àwọn ẹlẹ́sìn Quaker àti àwọn aládùúgbò mìíràn wá ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń bá wọn tún ilé ṣe, wọ́n ń dá àwọn ọmọ wọn lára yá. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà gba àṣẹ ilé ẹjọ́ tó ká àwọn olórí alátakò lọ́wọ́ kò. Àwọn Myers gbé ibẹ̀ títí di 1961 kí wọ́n tó kó lọ. Ní 1999, olórí ìlú ibẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Daisy ní gbangba. Ó kú ní 2011.

New Jersey àti Maryland

Ní New Jersey, ọ̀ràn yíjú padà. Levitt kéde ní 1958 pé aláwọ̀ funfun nìkan ni òun yóò tà fún. Willie James, ọ̀gá ọmọ ogun kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pè é lẹ́jọ́. Òfin ìpínlẹ̀ náà lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ilé tí ìjọba bá ràn lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti New Jersey sì sọ ní 1960 pé bí FHA bá ti jẹ́ onídùúró, ìrànlọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Owó ìjọba tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣí i. Ní 1963, àwọn ará ìlú dìbò kí orúkọ ibẹ̀ padà di Willingboro.

Ṣùgbọ́n àwọn ajẹ́ńtì ilé mọ ọ̀nà mìíràn. Wọn á lọ bá aláwọ̀ funfun, wọn á dẹ́rù bà á pé àwọn dúdú ń bọ̀, kó tètè tà. Wọn á rà á lẹ́dínwó, wọn á sì tà á fún aláwọ̀ dúdú lówó gọbọi. Nígbà tí ìpayà yìí wọ Willingboro, ìgbìmọ̀ ìlú fòfin de pátákó «ilé yìí wà fún títà» ní 1974, kí wọ́n lè dẹ́kun ìsáré títà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà ní 1977, ó ní ó tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Lónìí, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní Willingboro.

Levitt tún kọ́ ẹ́sítéètì sí Bowie ní Maryland ní àwọn ọdún 1960, kò sì tà á fún aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ CORE, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, lọ jókòó fún ìwọ́de níbẹ̀ ní 1963. Bowie wà ní Prince George's County, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àwọn Yorùbá pẹ̀lú wọn, ti ń gbé tí wọ́n sì ti ń ra ilé báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dé lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti jókòó sílẹ̀ fún wọn.

Ogún tí ó yàtọ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1968, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú títa àti yíyá ilé di èèwọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Òfin náà kò tún ohun tó ti kọjá ṣe. Ẹni tó ra ilé ní 1949 láìtó 8,000 dọ́là ti san púpọ̀ nínú gbèsè rẹ̀, iye ilé sì ti lọ sókè; irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Levittown ti Long Island lónìí lè tó 500,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé yìí ni wọ́n fi yá owó rán ọmọ lọ sí yunifásítì, òun ni wọ́n pín lẹ́yìn ikú. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sì ń jẹ nínú owó orí ilé ní Amẹ́ríkà, nítorí náà àdúgbò tí ilé rẹ̀ wọ́n ń ní ilé ẹ̀kọ́ tó rọ́wọ́ mú. Ẹni tí wọ́n kọ̀ ilé fún ní 1949 pàdánù gbogbo èyí pọ̀. Ní Chicago, àwọn tí báńkì kọ̀ láti yá lówó ra ilé lọ́nà àdéhùn aláìnídàánilójú: owó ilé lè jẹ́ ìlọ́po méjì, ìwé ilé kò sì sí lọ́wọ́ wọn títí wọ́n yóò fi san án tán. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan lè pàdánù ilé àti gbogbo ohun tó ti san. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Contract Buyers League sílẹ̀ ní 1968 láti bá èyí jà.

Ìwádìí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2022 rí i pé ohun ìní ìdílé aláwọ̀ funfun tó wà láàárín jẹ́ 285,000 dọ́là. Ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ nǹkan bí 44,900. Ilé kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo, àmọ́ ó wà lára àwọn tó tóbi jù. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú ọjà ilé kò sì tíì tán: ní 2019, ìwé ìròyìn Newsday rán àwọn èèyàn tí agbára owó wọn jọra lọ bá àwọn ajẹ́ńtì ní Long Island, ó sì rí i pé wọ́n ṣe ẹ̀tanú sí aláwọ̀ dúdú nínú ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánwò tí wọ́n fi aláwọ̀ dúdú ṣe. Ní Levittown àkọ́kọ́ yẹn, ìkànìyàn 2020 fi hàn pé aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìlú Evanston ní Illinois ti bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan padà. Ní 2021, ìgbìmọ̀ ìlú náà fọwọ́ sí ètò kan láti fún aláwọ̀ dúdú tó gbé ibẹ̀ láàárín 1919 sí 1969, tàbí àwọn ọmọ wọn, ní 25,000 dọ́là fún ọ̀rọ̀ ilé. Ní 2022, wọ́n yan àwọn 16 àkọ́kọ́. Ní 2024, àwọn kan tí kò bọ́ sínú ètò náà gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wíwo àwọ̀ kí wọ́n tó fúnni lówó lòdì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà.