Títo Pósítà àti Fọ́tò Òde Orin sí Ìsọ̀rí

Pósítà, ìwé ìléwọ́, tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì ìkéde òde orin kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú. Ẹni tó tẹ pósítà fẹ́ kí èrò wọ́ wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, wọ́n á sì lẹ òmíràn mọ́ ọn lórí. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú wọn wá di ẹ̀rí fún òpìtàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a kò bá tò dáadáa kò lè sọ̀rọ̀.

Ní Paris ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ fọwọ́ gidi mú pósítà. Láti àwọn ọdún 1860 ni Jules Chéret ti ń fi òkúta tẹ àwòrán aláwọ̀ mèremère fún àwọn ilé orin àti ilé ijó ìlú náà. Ní 1891, Henri de Toulouse-Lautrec ṣe ti Moulin Rouge. Àwọn aṣàkójọ a máa ká wọn kúrò lára ògiri kí lẹ́ẹ̀ tó gbẹ. Orúkọ ayàwòrán ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Ìlànà yìí tẹ́ ẹni tí ọnà jẹ lógún lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tó kọrin àti alẹ́ tó kọ ọ́ sẹ́yìn.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà náà kò tilẹ̀ ṣeé lò. Hatch Show Print, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nashville ní 1879, àti Globe Poster, tó bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní 1929, ń fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ orúkọ olórin, gbọ̀ngàn àti ọjọ́. Orúkọ ayàwòrán kì í sábà sí níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í kọ ọdún, nítorí kò sí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò mọ ọdún tó wà. Kàlẹ́ńdà ni ẹni tó ń tò wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Bí pósítà bá ní ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kẹsàn-án, ọdún mẹ́ta péré ni ọjọ́ náà bọ́ sí láàrin 1960 sí 1980: 1960, 1966 àti 1977. Orúkọ gbọ̀ngàn àti ti ẹgbẹ́ olórin ni yóò yanjú ìyókù.

San Francisco ni ọ̀rọ̀ ti yí padà ní 1966. Agbátẹrù méjì ló ń pe òde níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Bill Graham ní Fillmore Auditorium, àti Chet Helms pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Family Dog, tí wọ́n fi Avalon Ballroom ṣe ibùdó láìpẹ́. Wes Wilson, Stanley Mouse, Alton Kelley, Rick Griffin, Victor Moscoso àti Bonnie MacLean wà lára àwọn tó ń ya pósítà fún wọn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá ní nọ́ńbà. Ti Family Dog bẹ̀rẹ̀ láti FD-1, òde 19 oṣù Kejì 1966, ó sì dé FD-147. Ti Graham dé BG-287, ìyẹn ìkádìí gbọ̀ngàn rẹ̀, Fillmore West, ní 1971. Nọ́ńbà yìí so ìwé mọ́ òde, kì í ṣe mọ́ ayàwòrán, ohun tó sì mú un ta gbogbo ìlànà ìṣáájú yọ nìyẹn. Ẹ wo FD-26, egungun tó dé òdòdó rósì lórí, tí Mouse àti Kelley ṣe fún ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ní Avalon. Inú ìwé Rubáiyát ni wọ́n ti mú egungun náà, Edmund J. Sullivan ló sì yà á. Bí a bá fẹ́ tò ó sábẹ́ ayàwòrán, orúkọ mẹ́ta ni yóò máa du ú. Ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn pé òde 16 àti 17 oṣù Kẹsàn-án 1966 ni ó ni ín.

Kò pẹ́ tí àwọn èwe fi ń wá pósítà láti fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, làwọn agbátẹrù bá ń tún wọn tẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìsọ̀rí wọ̀nyí wá yọjú: èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú òde ń kéde òde, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọjà lásán. Aṣàkójọ kan, Eric King, fi ìwé odidi kan ṣàlàyé bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, láti orí irú bébà àti ìwọ̀n rẹ̀ dé orí àwọn àmì kéékèèké tó wà lára rẹ̀.

Títo àwọn nǹkan wọ̀nyí nípa irú wọn, bí pósítà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì, náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àwòrán kan náà lè wà lórí pósítà, ìwé ìléwọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì kan sì lè kéde òde méjì. Nígbà míràn àwòrán a fi òde sílẹ̀ pátápátá. Kìnnìún tí Lee Conklin yà fún pósítà Fillmore West ní 1968, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Santana ṣeré níbẹ̀, di èèpo àwo àkọ́kọ́ ti Santana ní 1969. Pósítà àti èèpo àwo náà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan sì máa tọ́ka sí èkejì.

Àwọn pósítà tí kò sí nínú ọ̀wọ́ kankan kò ní nọ́ńbà títí di 1987, nígbà tí Paul Grushkin tẹ *The Art of Rock* jáde. Nọ́ńbà àwòrán inú ìwé yẹn, pẹ̀lú lẹ́tà AOR níwájú, ni àwọn aṣàkójọ sọ di orúkọ àwọn pósítà náà.

Fọ́tò kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ayafọ́tò ló sábà ń ni ẹ̀tọ́ sí i, nítorí náà abẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí. Nígbà tí The Beatles ṣe òde ìkẹyìn nínú ìrìn-àjò wọn ní Candlestick Park, ní 29 oṣù Kẹjọ 1966, Jim Marshall ló ya fọ́tò, Wes Wilson ló ṣe pósítà. Nínú àkójọ tó fi orúkọ oníṣẹ́ ṣe orí, iṣẹ́ méjèèjì kò ní fojú kanra láéláé. Nínú èyí tó fi òde ṣe orí, ìdì kan náà ni wọn yóò wà, ibẹ̀ ló sì yẹ wọ́n.