Ọjọ́ Ẹtì Kan ní Salvador

Agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀. Aṣọ funfun ni Àlàájà tí mo fẹ́ mú yí ìlú ká wọ̀, funfun ni èmi náà wọ̀. Tèmi, nítorí pé Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Ọbàtálá ní Salvador, ìlú etíkun Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fi máa ń wọ funfun lọ síbi iṣẹ́. Tirẹ̀, nítorí Jímọ̀. A jọ jẹun àárọ̀, a wá takisí.

Agogo méje ààbọ̀, a ti wà lórí òkè Bonfim. Ọdún 1754 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Bahia sì ti so ó pọ̀ mọ́ Ọbàtálá. Ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi bo gbogbo irin ọgbà rẹ̀, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wọn. Kókó mẹ́ta ni èèyàn máa ń ta, ohun mẹ́ta ni yóò sì tọrọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ wá síbí láti ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n á ru omi olóòórùn dídùn, wọ́n á fi fọ àtẹ̀gùn ìta. Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi àjípọn bọ Ọbàtálá nílé, mo dúró lórí àtẹ̀gùn náà pẹ́.

Agogo mẹ́sàn-án, a gba etí òkun padà sí ìsàlẹ̀ ìlú, a yà sí ọjà São Joaquim. Epo pupa inú ìgò, edé gbígbẹ, adìyẹ ààyè, ìkòkò amọ̀, ewé lóríṣiríṣi. Àlàájà rí obì àti orógbó lórí àtẹ, ó pariwo. Mo ní kó fi orúkọ àdúgbò náà sọ́kàn, Água de Meninos, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lókè.

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Ìlú méjì ni Salvador, ọ̀kan nísàlẹ̀ létí èbúté, èkejì lórí òkè. Láti ọdún 1873 ni ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ti ń gbé èèyàn láàárín àwọn méjèèjì, gíga rẹ̀ tó mítà 72. Ìṣẹ́jú kan ò pé tó fi gbé wa jáde sí gbàgede. Òkun tẹ́ lọ salalu níwájú, gbogbo àlejò sì kọjú sí i, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo di Àlàájà léjìká mú, mo yí i padà. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú tó wà lẹ́yìn wa ni mo fẹ́ kó wò.

Nísàlẹ̀ ilé náà ni ẹ̀wọ̀n wà ní ọdún 1835. Wọ́n ti àgbàlagbà àlùfáà Mùsùlùmí kan mọ́bẹ̀, Pacífico Licutan, ọmọ Yorùbá. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé àga, kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí ìlú ti dáwó láti rà á padà ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni olówó rẹ̀ kọ̀.

Oṣù Ràmàdáánì ni. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó mulẹ̀ láti dìde ní ìdájí ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú yóò ti lọ ṣàjọ̀dún ní Bonfim. Ọ̀rọ̀ tú kó tó dìgbà náà. Lóru, àwọn ọlọ́pàá lọ kan ìlẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá gbàgede yìí. Ìlẹ̀kùn ṣí, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun tú jáde pẹ̀lú idà, tírà lọ́rùn wọn. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ forí lé ni ẹ̀wọ̀n yìí, láti tú bàbá wọn sílẹ̀. Ìbọn ń dún lọ́wọ́ iwájú, ó ń dún lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Wọn ò rí ìlẹ̀kùn já. Wọ́n jà kiri ìlú títí wọ́n fi dé Água de Meninos, níbi tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti pàdé wọn. Àwọn mìíràn bẹ́ sómi, wọ́n sì rì.

Àwọn tó kú lé ní àádọ́rin. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú oṣù Èbìbí, wọ́n na ọ̀pọ̀ ní pàṣán, wọ́n lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn wálé ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni a ti rí àwọn Àgùdà Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah.

Àlàájà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé Licutan tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wá?" Mo ní bí ìbọn ṣe dún tó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni mo láyè láti mú ọmọ Yorùbá dé ní Salvador, iwájú ilé yẹn ni.

Agogo kan ọ̀sán, ó lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní àdúgbò Nazaré. Mo jókòó dè é níta.

Agogo mẹ́ta, a wo àwọn òrìṣà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Carybé gbẹ́ sára igi kédárì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Afro-Brasileiro. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ọkàn wa ṣì wà ní gbàgede, a ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Agogo márùn-ún ààbọ̀, oòrùn wọ̀ ní Barra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná atọ́nà ọkọ̀. Èrò pọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Agogo méje alẹ́, Rio Vermelho, àdúgbò àwọn apẹja tó ń gbé ẹ̀bùn Yemọja wọ òkun lọ́jọ́ kejì oṣù Èrèlé. Alákàrà kan jókòó síwájú agbada epo pupa, gèlè funfun lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, ló ń fi ṣíbí igi bù sínú epo. Tó bá jiná, á là á láàárín, á fi vatapá sí i, èyí tí wọ́n fi edé, ẹ̀pà, kàjú àti omi àgbọn sè. Á fi ọbẹ̀ ilá àti edé lé e. Ó bi Àlàájà bóyá ó fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ìyẹn ni pé ṣé kí òun fi ata sí i. Àlàájà ní kó má ṣàánú òun.

Ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà èyíkéyìí tọ́ sí iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Àkàrà Ọya ni, òun ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ra òmìnira ara wọn láyé ẹrú, òun ni wọ́n sì fi ń rán ọmọ níléèwé lónìí. Kí ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2014 tó dé, àwọn olùṣètò rẹ̀ fẹ́ lé wọn kúrò láyìíká pápá ìṣeré Fonte Nova. Àwọn alákàrà ò gbà. Wọ́n jà á títí wọ́n fi gba àyè wọn.

Alákàrà náà ní ọwọ́ ìyá òun lòun ti kọ́ ọ, pé ọwọ́ ìyá tirẹ̀ nìyẹn náà ti kọ́ ọ. Ó di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án kí ìlà iwájú rẹ̀ tó kúrú. Àlàájà tún tò, ó ra méjì sí i, ó ní kó dì í fún òun, kí ata má sì dín.