Abẹ́rẹ́, Òwú àti Ìkòkò: Iṣẹ́ Inú Ilé Tó Gbé Wa Ró Lásìkò Òjò Douala

Bí a bá ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí, ohun tí a sábà máa ń kọ sílẹ̀ ni orúkọ àwọn alága, ọjọ́ ìpàdé, owó tí a dá jọ àti òkú tí a bá ara wa sin. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn wa tí kì í wọ inú ìwé. Òun ni iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ṣe nínú ilé nígbà tí òjò kò bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná ọjà. Rírán aṣọ, híhun òwú àti oúnjẹ sísè la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni. Ẹ dákun, ẹ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa ranlẹ̀ ní ìlú onílùú.

BÍ A ṢE BÁ ARA WA NÍ NEW BELL

Ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884 ni àwọn ọba Duala fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Nígbà tó yá, ìjọba Jámánì fẹ́ gba ilẹ̀ etí odò Wouri lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí àwọn òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀. Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Àdúgbò tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó lọ ni wọ́n sọ ní New Bell, ìyẹn Bell tuntun. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni New Bell ti jẹ́ ibùgbé àwọn tí wọ́n ṣí nípò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914 kan náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Douala lọ́wọ́ Jámánì, ìlú náà sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Lábẹ́ Faransé ni New Bell ti di àdúgbò àlejò. Bamiléké wà níbẹ̀, Bassa wà níbẹ̀, Hausa, Ìgbò àti àwa Yorùbá náà wà níbẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣe àkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti Èkó wá sí Tiko tàbí Victoria, tí a ń pè ní Limbe lónìí, kò tíì kúrò lábẹ́ ìjọba tó mọ̀, Douala kò sì jìnnà sí i mọ́. Ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí apá gúúsù ibẹ̀ darapọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà, ọmọ Nàìjíríà di àlejò pátápátá ní ibi tó ti ń rìn fàlàlà tẹ́lẹ̀.

ÒJÒ TÍ KÒ MỌ ÌSINMI

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ya ẹni tuntun lẹ́nu ní Douala ni òjò. Nílé, bí oṣù kẹjọ bá dé, òjò a máa dá díẹ̀, àgbẹ̀ a sì ráyè sinmi. Ní Douala, oṣù keje àti oṣù kẹjọ gan-an ni òjò ń le jù. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà 1,300 lọ, ṣùgbọ́n ti Douala ju 3,500 lọ. Oṣù kẹwàá, tí àwọn baba wa ń pè ní Ọ̀wàrà, ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé àti Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ewé igi ń wọ́, òtútù sì ń bọ̀. Ní tiwa, òjò ṣì ń rọ̀ nígbà náà. Ó di oṣù kọkànlá kí ó tó máa palẹ̀ mọ́.

Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, ọjà a dá, ẹrẹ̀ a gba ojú ọ̀nà, omi a sì wọ ilé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ kò lè dilẹ̀ tìtorí pé òjò ń rọ̀, nítorí inú ọmọ kò mọ òjò. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ inú ilé fi ṣe pàtàkì.

ABẸ́RẸ́

Àwa Yorùbá kì í sọ pé a ń rán ègé aṣọ pọ̀ bí ẹni pé àṣà òyìnbó ni. Aṣọ òfì wa, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ so ó pọ̀ di ìró àti agbádá. Ẹ wo ẹ̀kú eégún pẹ̀lú: ègé aṣọ lórí ègé aṣọ ni, tí ìdílé á máa fi tuntun kún un bí ọdún ti ń yí. Yálà a jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí lónìí, kò yẹ ká gbàgbé pé àwọn baba ńlá wa mọ bí a ṣe ń fi aṣọ kọ ìtàn ìdílé.

Ní Kamẹrúùnù níbí, a bá ẹni tó mọ irú iṣẹ́ náà. Aṣọ ndop tí àwọn Bamiléké àti Bamoun fi ń ṣe ayẹyẹ ọba, ọ̀já òwú tí wọ́n hun ní apá àríwá ni wọ́n ń rán pọ̀, kí wọ́n tó fi ìko ran àwòrán sí i lára, kí wọ́n sì rì í sínú aró. Láyé àtijọ́, Wukari ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé e lọ fún aró, lẹ́yìn náà ó di Garoua. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ oníko àti àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ti Abẹ́òkúta àti Òṣogbo á mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni. Ẹnubodè kò dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún so wá pọ̀ mọ́ àwọn onílé. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin Duala ń wọ̀ sí ayẹyẹ Ngondo ní oṣù kejìlá, kaba ni wọ́n ń pè é. Àwa náà ń pe ẹ̀wù obìnrin ní kábà, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yìí wà ní Ghana àti ní Freetown. Wọ́n sábà máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn míṣọ́nnárì Baptist tó wá sí Douala láyé Alfred Saker, tó dé ní ọdún 1845. Ní Ìbàdàn, láàrin ọdún 1853 sí 1869, Anna Hinderer náà kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní Kúdẹtì. Nítorí náà, obìnrin Yorùbá tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kalẹ̀ ní New Bell kò bá iṣẹ́ àjèjì pàdé. Ó mọ kábà kó tó dé ìlú kaba.

Àjákù aṣọ tó bá sì ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀rọ, kò yẹ kí a dà á nù. A lè fi rán aṣọ ìbora ọmọ, ìrọ̀rí tàbí òṣùká. Ẹ má ṣe rò pé ohun yẹpẹrẹ ni. Ní abúlé Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ ẹrú, ń fi àjákù aṣọ iṣẹ́ rán aṣọ ìbora kí òtútù má baà pa ọmọ wọn. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé àwọn aṣọ náà kọ́ sí ilé ìṣàfihàn Whitney ní New York. Nígbà tó di 2006, àwòrán wọn ti wà lára sítáǹbù Amẹ́ríkà. Ohun tí ìyá àgbà rán nítorí òtútù di ohun tí ayé ń sanwó wò.

ÒWÚ HÍHUN

Aboyún ilé wa kì í dúró de ìkúnlẹ̀ kí ó tó múra. Fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà àti aṣọ tí a fi ń wé ọmọ, abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú wúùlù ni wọ́n fi ń hun ún. Nílé, ọyẹ́ ni a fi ń bẹ̀rù fún ọmọ tuntun. Ní Douala, ọ̀rinrin òjò ni, nítorí aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ, ọmọ sì nílò ìpààrọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ yìí dára fún ọjọ́ òjò, nítorí kò gba iná mànàmáná, kò sì gba àyè. A lè máa ṣe é bí a ti ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìṣirò: kíkà ojú òwú, yíyọ ọ̀kan, fífi méjì kún un.

Ohun tó dín iṣẹ́ yìí kù kò ṣòro láti mọ̀. Aṣọ òkìríkà ń wọlé ní ìdì ńláńlá láti Yúróòpù, súwẹ́tà ọmọ inú rẹ̀ sì lè dín ní owó sí òwú tí a ó fi hun tuntun. A kò dá ẹni tó rà á lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ ìyá, ọmọ kò ní rí ẹni tí yóò kọ́ ọ.

ÌKÒKÒ

Orúkọ orílẹ̀-èdè tí a wà yìí, láti inú ìkòkò ni a lè sọ pé ó ti wá. Àwọn Potogí tó dé ẹnu odò Wouri ní bí ọdún 1472 rí edé púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pè é ní Rio dos Camarões, odò edé. Láti ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ Kamẹrúùnù.

Obìnrin Yorùbá tó bá dé ọjà Sandaga tàbí ọjà New Bell kò ní sọnù, bó bá ti lè mọ orúkọ tuntun. Ewúro ni igi lẹ́yìn ọgbà ndolé, tí wọ́n fi ẹ̀pà àti edé sè. Mọ́ínmọ́ín wa ní àbúrò níbí tó ń jẹ́ koki: ẹ̀wà lílọ̀ ni, epo pupa ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń pè ní pistache, gààrí sì ni tapioca lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Faransé. Àkàrà kò tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ púpọ̀. Ní òwúrọ̀ òjò, beignet, ẹ̀wà àti bouillie gbígbóná ni gbogbo Douala ń wá, bí àwa náà ti ń wá àkàrà àti ògì nílé.

Èlùbọ́ nìkan ló ń fún ìyàwó ilé ní wàhálà lásìkò yìí. Ohun tí oòrùn ilé gbẹ, ọ̀rinrin Douala lè mú kí ó bu láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á dì í mọ́ inú ike tó dé dáadáa, á sì máa ṣí i síta bí oòrùn bá yọ.

NÍGBÀ TÍ ÌṢÒRO DÉ

Ìgbà ìnira la ń mọ ohun tó gbé ilé ró. Ní ọdún 1991, nígbà ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n pè ní villes mortes, ṣọ́ọ̀bù tìpa ní Douala fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàrin ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó CFA sí ìdajì: 50 ló ń ṣẹ́ Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ ẹni tó wá owó oúnjẹ nígbà náà. Ẹni tó lè tú aṣọ àtijọ́ kó sì tún un rán, àti ẹni tó lè din àkàrà lójúde ilé rẹ̀, kò jókòó lásán.

Ẹ sì rántí Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ní kí àwọn ará Ghana máa lọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún gbogbo àlejò ni pé a lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, a lè gba ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnubodè tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni.

OHUN TÓ KÙ KÍ A ṢE

Àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ wọ̀nyí ń dàgbà, àwọn mìíràn ti lọ. Iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀, tí a kò sì fi lé ọmọ lọ́wọ́, inú sàárè ló ń bá olúwa rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò tó ń bọ̀ yìí wúlò fún wa. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè: Taa ló kọ́ ọ yín ní abẹ́rẹ́? Ọdún wo lẹ dé New Bell, kí lẹ sì kọ́kọ́ tà? Aṣọ wo ló wà nísàlẹ̀ àpótí yín, ayẹyẹ taa lẹ fi rán an? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ àdúgbò. Kí ẹ sì fún ọmọ yín, ọkùnrin àti obìnrin, ní abẹ́rẹ́ àti òwú kó gbìyànjú.

Àwọn àgbà ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Àwọn ìyá wa ni abẹ́rẹ́, àwa ni okùn. Kí okùn náà má já mọ́ wa lọ́wọ́. Olódùmarè á jẹ́ kí àjò yìí sàn wá, a ó sì fi ẹsẹ̀ rere délé. Àṣẹ.