Ọ́ìlì tó ń jò lára Ìjàpá: kí ẹ mọ orísun rẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, èyí tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, kì í mu omi. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń tutù, abẹ́ ìdérí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà sì wà. Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, nílùú Èkó. Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003, ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn pátápátá láyé nílùú Puebla, lórílẹ̀-èdè Mexico. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Ìjàpá lónìí, tí wọn kò sì tíì pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, rọ́bà náà ti lé ní ogún ọdún, ti òmíràn sì ti lé ní ogójì.

Ooru ni í pa rọ́bà. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru, á le gan-an bí èèpo àgbọn, á sì là. Nígbà náà ni ẹni tó ni ọkọ̀ yóò máa bá ọ́ìlì dúdú nílẹ̀ láràárọ̀ níbi tó gbé ọkọ̀ sí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì kan yóò ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n ra písítìnì àti ríǹgì tuntun, nígbà tó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló bàjẹ́. Òmíràn yóò pààrọ̀ gbogbo rọ́bà sínú ẹ́ńjìnnì tí inú rẹ̀ ti jẹ tán, ọ́ìlì yóò sì tún máa jò kí oṣù tó parí. Owó ńlá ló ń ṣòfò lọ́nà méjèèjì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni pípààrọ̀ rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni títún inú ẹ́ńjìnnì ṣe láti ìpìlẹ̀. Ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde ló ń sọ èyí tí ọkọ̀ nílò.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá tutù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì bọ́ ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún ìrìn díẹ̀, kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ fáànù sì máa ń fẹ́ ẹ káàkiri, nítorí náà ibi tó ga jù lọ tó ti rin ni kí wọ́n wá, kì í ṣe ibi tó ti ń kán.

Bó bá jẹ́ lábẹ́ ìdérí fáfù, ní ọ̀tún tàbí ní òsì, gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀kì ni. Wáyà kan ṣoṣo ló di ìdérí náà mú, iṣẹ́ náà kì í sì í pé wákàtí kan. Bó bá jẹ́ lápá òsì lókè, tí ìdọ̀tí sì lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà kẹta, kí wọ́n fura sí rọ́bà kéékèèké méjì tó wà lábẹ́ ohun tí ń tu ọ́ìlì lójú. Èyí kì í ṣe ohun àfojúdi, nítorí pé sìlíńdà tí ìdọ̀tí bò kò ní rí afẹ́fẹ́ tí yóò fi tutù.

Ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an, àwo pẹlẹbẹ kan wà tó gbé asẹ́ ọ́ìlì dúró, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló sì dè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi agbára apá ba ibẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ti fún nọ́ọ̀tì náà jù, àwo yóò wọ́, ọ́ìlì yóò sì máa jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì yóò tún fún un sí i, títí tí irin tí nọ́ọ̀tì wà lórí rẹ̀ yóò fi fà tu kúrò lára ẹ́ńjìnnì.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra jù lọ ni ẹ̀yìn púlè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì fáànù gbà kọjá. Bí ọ́ìlì bá ń jáde níbẹ̀, àwọn kan á sáré lọ sí ọjà Ládípọ̀ lọ wá ọ́ìlì síìlì. Wọn kò ní rí i. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kò fi rọ́bà kankan síbẹ̀. Ìlà yíyípo kan ni wọ́n gé sára ọrùn púlè, bí ìlà ara ìdè, tí yóò máa dá ọ́ìlì padà sínú bó ti ń yí. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá ń borí ìlà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n rọ ọ́ìlì jù, nítorí lítà méjì àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Ó sì lè jẹ́ pé páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti dí. Bí kì í bá ṣe méjèèjì, ríǹgì ti jẹ, èéfín iná ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá, ó sì ń ti ọ́ìlì jáde. Kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti rọ́bà.

Kí wọ́n tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ohun kan ṣì kù láti yẹ̀ wò. Kí ẹnì kan pa ẹ́ńjìnnì, kó fi ọwọ́ méjèèjì di púlè mú, kó fà á síta, kó sì tì í padà. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Bó bá ń dún kó, kó, kuráńkíṣáàfù ń rìn síwá sẹ́yìn. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà láàárín 0.07 sí 0.13 mìlímítà, bó bá sì ti kọjá 0.15, ó ti jẹ jù. Wáṣà pẹlẹbẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fuláìwíìlì ni wọ́n fi ń tún un ṣe, àyàfi bí bẹ́árìn fúnra rẹ̀ bá ti ń mì nínú ilé rẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì gíà nípọn, ó sì ní òórùn líle bíi ti imí ọjọ́, síìlì gíábọ́ọ̀sì ló ń jò nígbà náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, síìlì ńlá tó yí ọrùn fuláìwíìlì ká ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, a kì í sì í rí ìyẹn ṣe láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, kí wọ́n sì dí páìpù pẹtiróòlù, nítorí iwájú ni táǹkì wà, epo yóò sì máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ìdè mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀tì ńlá àárín fuláìwíìlì le púpọ̀. Bí wọ́n bá ń dè é padà, agbára tí wọ́n ní kí wọ́n lò dà bíi kí èèyàn so ẹrù kílò 30 mọ́ ìpẹ̀kun irin tó gùn ní mítà kan. Àwọn tó ń fi òòlù àti irin gbọọrọ lù ú kò mọ ohun tí wọ́n ń bà jẹ́. Kí wọ́n wo ọrùn fuláìwíìlì dáadáa, torí bí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ kòtò sí i lára, síìlì tuntun kò ní lè dá ọ́ìlì dúró. Kí wọ́n rán síìlì náà wọlé lọ́gbọọgba, kó má dagun sápá kan. Rọ́bà róbótó kékeré kan tún wà nínú fuláìwíìlì fúnra rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé. Bí ọ́ìlì bá sì ti kan àwo kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ra òmíràn, nítorí fífọ̀ kì í yanjú rẹ̀.

Ti páìpù púṣírọ́ọ̀dù mẹ́jọ tó wà lábẹ́ sìlíńdà gba sùúrù. Rọ́bà méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ wọn, tọ́ọ̀pù sìlíńdà gbọ́dọ̀ kúrò. Kí wọ́n fa páìpù kọ̀ọ̀kan gùn títí tí yóò fi wà láàárín 190 sí 191 mìlímítà, kí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ sì kọjú sókè. Páìpù onísípíríǹgì wà lọ́jà tí kò béèrè pé kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lò ó. Ní ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi rẹ́ gbogbo ojú, èyí tó bá pọ̀ jù yóò ya bọ́ sínú, yóò sì dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Kò yẹ kó kan gásíkẹ́ẹ̀tì asẹ́ rárá. Rọ́bà tuntun pàápàá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó, nítorí èyí tó ti pẹ́ jù lórí igbá ti lè le kó tó dé ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà tí pẹtiróòlù ń gbà. Èyí tó bá là lè da epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló sì ti jóná báyìí. Kí wọ́n dá gbogbo páànù tó bo ẹ́ńjìnnì padà pẹ̀lú rọ́bà tó yí i ká. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń jù wọ́n nù torí pé wọ́n ń dí wọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ ọkọ̀ yóò sì máa padà sínú fáànù.

Kí wọ́n tún fáfù ṣe sí 0.15 mìlímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500, kí wọ́n sì fi bébà funfun sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan.