Àgbébọ̀ Kan ní New York

Ìtàn adìẹ kan ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́ o.

Ní ọdún 1909, wọ́n gbé àgbébọ̀ kan lọ sí ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kókó ńlá kan yọ ní igẹ̀ rẹ̀, láàárín ẹran ara gan-an. Irú kókó bẹ́ẹ̀ a máa yọ lára ènìyàn pẹ̀lú: nínú ọ̀rá, nínú ẹran, tàbí nínú iṣan tí ó so ẹran mọ́ egungun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò léwu. Ṣùgbọ́n àwọn kan jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sàkómà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni pé kókó kò dunni kì í ṣe ẹ̀rí pé kò burú. Èyí tí ó bá ń tóbi sí i, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Sàkómà ni ti adìẹ yìí. Dókítà Peyton Rous gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi í sára àwọn adìẹ tí wọ́n jẹ́ ìran kan náà, kókó sì yọ lára díẹ̀ nínú wọn. Ìyẹn kò le púpọ̀ láti gbà: ẹni tí ó gbin ẹbu, iṣu ni yóò wà. Ohun tí ó ṣe tẹ̀lé e ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó fi iyanrìn lọ kókó náà kúnná, ó pò ó mọ́ omi oníyọ̀, ó sì sẹ́ ẹ. Asẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí ìyá yín fi ń sẹ́ ògì! Ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi abẹ́rẹ́ fa omi náà sára adìẹ mìíràn, kókó yọ. Fáírọ́ọ̀sì ni ó wà nínú rẹ̀. (Ẹ má torí èyí lé adìẹ yín kúrò lágbàlá: fáírọ́ọ̀sì yìí kì í fi kókó ṣe ènìyàn.)

Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1911. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Àwọn kan ní kì í ṣe jẹjẹrẹ tòótọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀ràn adìẹ kò kan ènìyàn. Ó dán irú rẹ̀ wò lára eku, kò bọ́ sí i, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1966 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel; ó ti di ẹni ọdún 87. Lójú tèmi, ẹ̀bùn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó fi í fúnni.

Ní 1976, Michael Bishop, Harold Varmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Francisco wá ibi tí fáírọ́ọ̀sì náà ti rí agbára rẹ̀. Jíìnì kan ni, èyí ni àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì bá irú rẹ̀ gan-an lára adìẹ tí ara rẹ̀ le koko. Lára adìẹ ni fáírọ́ọ̀sì ti jí i nígbà kan rí, tí àṣẹ náà fi dàrú, tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì dá bíbí sí i dúró mọ́. Irú jíìnì yìí wà lára ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel tiwọn ní 1989, ṣùgbọ́n Rous kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ti kú ní 1970.