LSD inú mọ́tò: ìtàn rẹ̀, àti bí ó ṣe ń kú láìpariwo

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ fẹjọ́ wa sùn, LSD tí à ń wí níbí kì í ṣe oògùn olóró. Limited-slip differential ni, àkójọ gíà tó máa ń wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì lára àwọn ọkọ̀ kan tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì wọn ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ní tètè mọ ìgbà tó bàjẹ́, àìmọ̀ náà sì máa ń ná onímọ́tò lówó.

Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́ọ̀nà, ọ̀nà tí táyà tó wà níta ń rìn jìn ju ti inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Onésiphore Pecqueur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1827 fún gíà tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí lára ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn. Ní 1877, James Starley lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Coventry. Nígbà tí mọ́tò dé, ó bá dífarẹ́ńṣíà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n gíà yìí ní ìwà kan. Ó máa ń pín agbára dọ́gba-n-dọ́gba, nítorí náà ohun tí táyà tí kò rí ilẹ̀ dì mú bá lè gbà, òun náà ni èkejì á rí. Ẹni tó bá ti ti Peugeot 504 kúrò nínú ẹrẹ̀ rí, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, mọ ohun tí à ń sọ: táyà kan ń da ẹrẹ̀ sí ẹni tó ń tì í láṣọ, èkejì dúró bí àlejò.

Ó dùn mọ́ wa pé àwọn tó náwó sí àtúnṣe ọ̀rọ̀ náà ní Jámánì kò bá ẹrẹ̀ jà rárá. Eré ìje ni wọ́n ń sá. Ọkọ̀ Auto Union tí Ferdinand Porsche yàwòrán rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì sílíńdà 16, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé táyà ẹ̀yìn kan á máa yí lófo títí eré á fi dé 160 km láàárín wákàtí kan. Ní 1935, Porsche ní kí ilé iṣẹ́ ZF wá nǹkan ṣe sí i. Bí LSD ṣe dé orí ọkọ̀ ìje nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, Packard ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ọkọ̀ tiwọn ní 1956, tó pè é ní Twin-Traction. Chevrolet tẹ̀ lé e ní 1957 pẹ̀lú Positraction, orúkọ tó di mímọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Inú irú èyí tó wọ́pọ̀, pléètì bíi ti kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tò léra. Àwọn kan so mọ́ irin táyà, àwọn tó kù so mọ́ agbárí, sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí táyà kan bá fẹ́ máa sáré ju èkejì lọ, ìfọwọ́ra wọn á dá a dúró díẹ̀. Wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ lè yọ̀ lórí ara wọn ní kọ́ọ̀nà. Ọ́ìlì gíà lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí náà wọ́n ń da èròjà kan mọ́ ọn. Òróró àbùùbùtán wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe èròjà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹran omi yìí ń wí pé a lè bù ú, bù ú, kí ó má tán. Ó kù díẹ̀ kó tán. Ní 1970, ìjọba Amẹ́ríkà kọ irú àbùùbùtán tí wọ́n ń gba òróró náà lára rẹ̀ sínú ìwé àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun, àwọn tó ń po ọ́ìlì sì ní láti wá kẹ́míkà mìíràn lò.

Láti ibi èròjà yìí ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń rọra yí ọkọ̀ po níbi tó há, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń kùn tàbí tó ń gbọ̀n gbù-gbù-gbù, àwọn pléètì ló ń gbá ara wọn mú tí wọ́n tún ń já. Ẹ béèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ó ń han, tí ìhan náà ń ga bí eré ṣe ń pọ̀, tí kò sì yàtọ̀ bóyá ẹ yà tàbí ẹ kò yà, bíárìn tàbí gíà ńlá ni kí ẹ wò.

Ikú kejì kò ní ariwo. Pléètì á jẹ díẹ̀díẹ̀, sípíríǹgì á dẹ̀, LSD á sì padà di dífarẹ́ńṣíà Pecqueur. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn dáadáa lórí títì; ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni àṣírí máa ń tú. Àwọn mẹkáníìkì máa ń pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á há táyà iwájú, wọ́n á gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sórí ìdúró irin, wọ́n á fi gíà sí fíríì, wọ́n á tú háńdì bíréèkì, wọ́n á wá fi ọwọ́ yí táyà kan. Bí èkejì bá bá a lọ síbi kan náà, pléètì ṣì ń dì mú. Bó bá yí sẹ́yìn, pléètì ti jẹ tán, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí LSD níbẹ̀ rí. Àmọ́ Torsen, tí Vernon Gleasman gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1958, kò ní irú pléètì bẹ́ẹ̀. Ó lè yí sẹ́yìn kí ara rẹ̀ sì le. Fún oní-pléètì, ẹ̀rí tó dájú jù ni kí a fi sípánà tó ń ka agbára yí táyà kan tó wà lókè nígbà tí èkejì wà nílẹ̀, kí a sì fi iye tó kà wé ti inú ìwé ọkọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ki gíà bọ̀ ọ́, nígbà tí táyà kan ṣoṣo wà lókè. Èyí tó wà nílẹ̀ lè gba agbára, kí ọkọ̀ sì já kúrò lórí jáàkì lu ènìyàn.

A gbà pé àwọn ará ẹ̀ka òfin mọ àyẹ̀wò kan tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ, nítorí fíìmù My Cousin Vinny ti 1992. Obìnrin tó jẹ́rìí níwájú adájọ́ wo fọ́tò àmì táyà méjì tó dọ́gba, ó sì ní ọkọ̀ tí kò ní Positraction kò lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Marisa Tomei gba Oscar fún ipa náà. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ni dífarẹ́ńṣíà lásán sábà máa ń fà.

Nílẹ̀ wa, Camry àti Corolla tí agbára wọn ń lọ síwájú ló kún títì, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kò sì bá LSD pàdé rí. Bí tòkunbọ̀ tó ní i bá wá ń kùn, ohun tó yá wọn lára ni kí wọ́n ní kí olówó lọ ra odindi ásù ní Ladípọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọ́ìlì àtijọ́ yẹn dà nù, kí ẹ wò ó bóyá èérún irin wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n da ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà sọ sí i, pẹ̀lú èròjà rẹ̀ bó bá nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí pápá tó ṣófo, kí ẹ rọra wa ọkọ̀ náà bí ẹni ń kọ 8 sílẹ̀, nígbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ́ìlì tuntun lè wọ àárín àwọn pléètì. Bó bá ṣì ń kùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u.