Ọba Tí Ó Mú Kọ̀ǹgọ́ Lọ́wọ́

Láàrin àwa Yorùbá, ìdílé Àyàn ni ó ni iṣẹ́ ìlù. Ọba ni ìlù ń kì. Síbẹ̀, Adétóyèṣé Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 di 1975, mú kọ̀ǹgọ́ fúnra rẹ̀. Ó mọ dùńdún lù, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959.

Irú rẹ̀ ti wà rí ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Guilhem, olúwa Aquitaine, tí a bí ní 1071, ni akéwì èdè Occitan tí a mọ orúkọ rẹ̀ tí orin rẹ̀ pẹ́ jù nínú èyí tí ó kù. Mọ́kànlá ni wọ́n kà sí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn kan ti kọrin ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin wọn ti sọnù. Orúkọ ńlá a máa pa ewì mọ́. Àìlórúkọ a máa gbé e rì.

Ẹ̀kọ́ tiwa nìyí: bí a bá gba ohùn ìlù sínú ẹ̀rọ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Màpó, orúkọ onílù ni kí a kọ́kọ́ kọ, kí a tó kọ ti ìjòyè tí ó kì.